Ọmọlanke Tí Mo Kàn Fún Bàámi

Ẹ̀gbọ́n mi Dáraolúwa,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù ibẹ̀. Ní Ìbàfò níbí, ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi ti ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ń dun Bàámi kò jẹ́ kí wọ́n lè gbé irinṣẹ́ káàkiri ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fi páìwúùdù kan ọmọlanke kékeré fún wọn, tí mo sì de táyà sí i nídìí. Ilé ọ̀rẹ́ mi ní Mówè ni mo ti kàn án títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Mo gbé e sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó dé. Bí wọ́n ṣe rí i, wọ́n pariwo pé, "Dáraolúwa ló fi ránṣẹ́ láti Kánádà!" Mo ní, "Bàámi, èmi ni mo kàn án." Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Èwo ni ti obìnrin nínú iṣẹ́ pákó?"

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n tiyín ló dùn mí jù. Mo dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lórí fóònù, mo sì gbọ́ ohùn yín ketekete: "Ẹ ó lò ó pẹ́, Bàámi."

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sọ òtítọ́ fún wọn. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ má pè mí mọ́.

Àbúrò yín,
Ṣèyífúnmi