Ohùn Tí Bàbá Mi Ń Gbọ́ Nínú Àgò Ẹyẹ

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, torí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí lẹ ń tẹ̀lé páàjì ẹyẹ wa. Sísí ti kú. Macaw búlúù yẹn, ayékòótọ́ ńlá ilẹ̀ òkèèrè, tó ń mi orí, tó ń dé fìlà, tí ẹ máa ń kọ "so cute" sí lábẹ́... ó ti kú láti ìgbà òjò, àwọn fídíò àtijọ́ ni mò ń gbé síta. Ìyẹn gan-an kọ́ ni mo wá jẹ́wọ́.

Àdúgbò Ladi-Lak ni à ń gbé, èmi àti bàbá mi. Màmá mi bá ọ̀gá kan tọ́jú ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ọ̀gá náà kó lọ sí òkè òkun, ó fi ẹyẹ náà ta wọ́n lọ́rẹ. Kí màmá mi tó gbé tíì síwájú bàbá mi láàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi oríkì pè wọ́n: Àkànní, olówó orí mi, ṣé ẹ jí ire? Ẹyẹ náà gbọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí màmá mi kú, ẹyẹ ló kù tó ń ki bàbá mi, ohùn màmá mi pọ́nńbélé! Ojú bàbá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán nígbà náà. Wọ́n á fa àga wọn sún mọ́ àgò, wọ́n á máa dá a lóhùn, omi á máa dà lójú wọn. Èmi wá fi fóònù ká a, mo gbé e síta... Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sunkún, ẹ share ẹ̀. Títí dòní bàbá mi ò mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń wo ẹkún àwọn.

Ẹ tún fẹ́ sí i. Ẹ ní kí n fi gíláàsì sí Sísí lójú, kí n jẹ́ kó jó. Mò ń ṣe é, inú mi sì ń dùn, kí n má purọ́. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ṣe live, kò sí iná, wáyà ring light, iná tí mo fi ń ya fídíò, ò gùn tó, mo bá gbé jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ fèrèsé. Bàbá mi wà ní mọ́ṣáláṣí. Mo wọ yàrá lọ pààrọ̀ aṣọ, kí n tó jáde, èéfín ti kún pálọ̀, Sísí ti já bọ́ sí ìsàlẹ̀ àgò, fìlà ṣì wà lórí ẹ̀. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi fa àga wọn, wọ́n ń retí. Wọ́n retí títí tíì wọn fi tutù. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́... mo lọ lóṣòó sẹ́yìn àgò, mo pe Àkànní bí màmá mi ṣe máa ń pè é. Wọ́n dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín! Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ṣe é láràárọ̀. Mo sọ fún wọn pé Sísí ti ń géni jẹ, kí wọ́n má ki ọwọ́ bọ àgò mọ́. Nígbà míì wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ tí ọkọ máa ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ, tí ọmọ ò yẹ kó gbọ́, èmi á wà níbẹ̀, màá ki aṣọ bọ ẹnu. Ojú ń tì mí.

Ní báyìí, ẹ̀yin followers ti dáwó jọ fún iṣẹ́ abẹ ojú wọn; mo kàn sọ fún wọn pé àwọn aláàánú kan ló san owó náà. Ọlọ́run á san án fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ti há mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Bàbá mi ní tí àwọn bá délé, Sísí làwọn máa kọ́kọ́ wò, kí àwọn tó wo ojú èmi ọmọ àwọn pàápàá.

Ẹ má sọ pé kí n ra òmíràn, òmíràn ò mọ ohùn màmá mi. Ṣé kí n ní ó fò lọ ni? Wọ́n á kàn máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà máa retí ẹ̀ ni. Ṣé kí n sọ ọ́ kí wọ́n tó lọ? Tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ ríran mọ́ ńkọ́? Lọ́jọ́ tí màmá mi kú, àwọn àgbà àdúgbò ló wá jókòó ti bàbá mi, tí wọ́n fi ẹ̀sọ̀ sọ ọ́ fún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí àgbà kankan, èmi nìkan ni màá túfọ̀ ìyàwó wọn fún wọn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ilé, ohùn ta ni kí n fi sọ ọ́?