Mahmood Àkànbí Ọláwuyì (1940–1992): Bàbá Tó Wá Ohun Tó Pa Àbúrò Wọn Rí

Ní agboolé Ọláwuyì, Òkè-Pópó, Ìsàlẹ̀ Èkó, ni a bí bàbá wa ní ọdún 1940 fún Olóògbé Àlíyù Ọláwuyì, akọ̀wé ìjọba, àti Alájà Sàwúdátù, oníṣòwò aṣọ. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n ké Kùránì parí, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà. Ní ọdún 1965, wọ́n fẹ́ ìyá wa, Zeenat, wọ́n sì tẹ̀dó sí Bajulaiye.

Ní ọdún 1984, ìjọba ológun dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìlú le. Àwọn àti Mùíz, àbúrò wọn kan ṣoṣo, bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan lẹ́yìn ilé. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìjàpá ni wọ́n fi sí i. Mùíz ló fò ó ní ọdún 1986, láti orí pápá iyanrìn Ìlàjẹ, létí ọ̀sà Èkó. Ẹ́ńjìnnì kú lójú sánmà, ọkọ̀ já sínú ọ̀sà. Àwọn apẹja gbé Mùíz jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́.

Gbogbo ènìyàn ní púlọ́ọ̀gì àlòkù ló fà á. Bàbá wa gbé ẹ́ńjìnnì wálé, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí tó fi gbóná janjan. Ó tún kú. Púlọ́ọ̀gì ṣì ń ta iná, àmọ́ epo kò wọlé mọ́. Pọ́ǹpù epo ló sún mọ́ páìpù èéfín jù. Ooru ti sọ epo inú rẹ̀ di atẹ́gùn, kò rí nǹkan fà. Wọ́n gbé pọ́ǹpù náà jìnnà sí páìpù èéfín. Ẹ́ńjìnnì kò kú mọ́. Wọ́n sì tún ara ọkọ̀ tó fọ́ náà kàn.

Alájà wá béèrè bóyá ohun tó pa Mùíz ti hàn. Bàbá wa ní ó ti hàn. Alájà wí pé: "Fò ó, Àkànbí. Wọ́n ń sọ ládùúgbò pé àfojúdi ló pa ọmọ mi. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé pọ́ǹpù ni."

Ìyá wa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má lọ. Bàbá wa lọ. Wọ́n fò yí etí ọ̀sà ká, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ ní àlàáfíà. Alájà jókòó sórí iyanrìn, wọ́n sì sunkún Mùíz fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá wa tú ọkọ̀ náà palẹ̀. Wọn kò fò mọ́.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe fún àwọn apẹja Ìlàjẹ, wọ́n sì ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, títí àìsàn fi mú wọn lọ ní oṣù karùn-ún ọdún yìí.

Wọ́n fi ìyàwó sáyé lọ, àti àwa ọmọ wọn, Saheedat, Nojeem àti Rẹ̀mí, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méjì. Alájà náà ṣì wà láyé. Ọmọ méjì ni Alájà bí, àwọn méjèèjì ti wà nínú ilẹ̀. Ẹ bá wa tù wọ́n nínú.

Bàbá wa, ẹ sinmi. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé yín, kí ẹ sùn ní ìrọ̀rùn.