Ìpápánu Tí Kò Kan Iná

Àbúrò mi,

Ọkọ mi ní kí n kí ẹ, àwọn ọmọ mi náà kí ẹ. Orúnkún Màmá ṣì ń dùn wọ́n. Ọjọ́ ìbí wọn tí o ní wàá wá, ìpápánu ẹlẹ́pà tí kò kan iná lo fi fóònù kọ́ mi bí a ṣe ń ṣe, dípò kí o wá. Mo lu ọ̀rá wàrà títí ó fi wú fúkẹ́fúkẹ́, mo ro ẹ̀pà lílọ̀ àti ṣúgà mọ́ ọn, mo gbé e sí fíríìjì. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n rẹ́rìn-ín: “Àbúrò ẹ gan-an lo bù sínú abọ́ yìí. Ó wú, ó dùn lẹ́nu, kò dé ikùn.”

Màmá ti fi yàrá ẹ fún ayálégbé.

Jọ̀ọ́, má kọ́ wa ní oúnjẹ ṣíṣe mọ́. Wàá pẹ́ láyé, wàá darúgbó, àwọn ọmọ ẹ á sì máa fi fóònù tọ́jú ẹ.

Èmi, ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin.