Àpò Aṣọ Iṣẹ́ Oníná

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Oníná yà lónìí. Láti ìgbà tí ọmọ mi obìnrin ti ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó gbé aṣọ iṣẹ́ búlúù rẹ̀ wá, ẹ̀ta iná ti dá àyà rẹ̀ lu bí ajere. "Bàámi, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi òwú pupa ṣe é o!" Kò jókòó. Ó ní ọkọ ìyá òun ń dúró nínú mọ́tò.
Nínú mọ́tò. Kò lè sọ̀ kalẹ̀ kí èèyàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Télọ̀ kì í ti aṣọ sábẹ́ ẹ̀rọ láìyẹ àpò rẹ̀ wò. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́ nìyẹn. Àpò àyà: bírò kan, ìwé tí wọ́n ká pọ̀. Mo tú u. Fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ tí ìjọba fi ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọwọ́ san ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́. Orúkọ ọmọ mi. Lábẹ́ rẹ̀, níbi òbí tàbí alágbàtọ́ – orúkọ Táì.
Táì ni mò ń pe ọkọ ìyá wọn nínú ìwé yìí. Mi ò rí i rí láìsí táì lọ́rùn.
Ọwọ́ ọmọ mi ló kọ ọ́, kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. Mi ò ka ìyókù. Mo jù ú sínú dúróà ẹ̀rọ, láàárín àwọn bọ́bìnì. Kó máa wá a.

Ọjọ́rú, 5
Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ. Ṣé Táì wà níbẹ̀?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Láti Ọjọ́rú ni mo ti lẹ aṣọ náà tán. Ó pè, mo ní ó kù díẹ̀. Kó lè tún padà wá ni. Ó ní, "Kò burú, Bàámi, mo ní òmíràn." Ta ló ra òmíràn? Mi ò bi í. Mo mọ̀.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà pè – awakọ̀ akẹ́rù tí kì í pè ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Mo rojọ́ fún un. Ẹ̀rín ló ń rín. "Bàámi, ẹ ń jowú bí ìyálé." Mo ní èmi kọ́. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ ti jẹun?"

Ọjọ́bọ̀, 13
Ilé-ẹ̀kọ́ wọn kógbá sílé. Oníná pè láàárọ̀. Ẹ̀wọ̀n wà lẹ́nu géètì, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn pé kò sí ẹ̀kọ́ mọ́. Oṣù mẹ́rin péré ló kù kó gba ìwé ẹ̀rí! Mo ní mò ń bọ̀. Ó ní kí n má ṣe ìyọnu, Dádì wà níbẹ̀ pẹ̀lú òun.
Dádì.
Mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi níka. Ọgbọ̀n ọdún nídìí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Ó ṣàlàyé fún mi lórí fóònù. Àjọ kan wà tó ń dáàbò bo owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti tì, àjọ náà á gbé ọmọ lọ sí òmíràn kó lọ parí, kò ní san nǹkan kan mọ́. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ mú ìwé ààbò tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀ fún un nígbà tó wọ ilé-ẹ̀kọ́, ó pẹ́ tán Ọjọ́ Ẹtì, 21. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fún wọn níwèé náà, ilé-ẹ̀kọ́ ti tì.
"Mo ká a pọ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ni. Bàámi, ẹ ò rí ìwé kankan nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi?"
Mo ní rárá.
Kí n tó mọ̀, ó ti jáde lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ajé, 17
Mo ṣí dúróà. Ìwé méjì ni lóòótọ́, èkejì wà lẹ́yìn èkíní, òǹtẹ̀ pupa gàgà lórí rẹ̀. Mo wá ka fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ dópin. Lábẹ́ orúkọ Táì, lẹ́tà wínníwínní: ẹni tó bá ní ìwé owó oṣù nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Ta ló fẹ́ kọ ìwé owó oṣù fún èmi télọ̀? Ẹ̀rọ mi?
Ó yẹ kí inú mi rọ̀. Kò rọ̀. Ì bá ti sọ fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la, òun fẹ́ yẹ aṣọ náà wò fúnra òun. Táì ti tú inú mọ́tò, ó tú ilé. Ó sunkún létí mi – ọmọ tí iná jó lápá tí kò sunkún.
Bí mo bá gbé e fún un, á bi mí ibi tó ti wà látijọ́ yìí.

Ọjọ́rú, 19
Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ni mo ṣe é. Ìlọ́po méjì ni àyà aṣọ náà. Mo fi àlùmọ́gàjí gé ìdí àpò, ìwọ̀n ìka mẹ́ta, mo ti ìwé méjèèjì gba ibẹ̀ wọ àárín. Kó dà bí ẹni pé àpò ló ya.
Ó dé lọ́sàn-án. Mo ní, "Tẹ àyà rẹ̀ wò, ó ń dún pẹrẹpẹrẹ." Ó tẹ̀ ẹ́, ó kọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa ìwé jáde. Ó pariwo! Ó dì mọ́ mi.
Lẹ́yìn náà ló yí àpò síta, ó fi àtàǹpàkò tọ etí ibi tó là. Jẹ́jẹ́. Ó wò mí. "Ẹ ṣé, Bàámi." Mo ní kó fi sílẹ̀ kí n rán an. Ó ní àyè ò sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Wọ́n gba ìwé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 27
Kò pè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29
Ó wá. Láti Ọjọ́ Ajé ló ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tuntun. Aṣọ náà ló wọ̀. Ó jókòó lọ́tẹ̀ yìí, ó mu omi, ó ń sín olùkọ́ wọn tó máa ń húkọ́ kó tó dáhùn ìbéèrè jẹ. Àpò yẹn ni mò ń wò. Wọ́n ti rán an. Òwú funfun lórí búlúù, ojú ìrán kan gùn, ìkejì kúrú, kókó rẹ̀ tó bọ́tìnnì.
Mo ní, "Ta ló rán ìránkúrán yìí?"
"Dádì ni. Ó gún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin."
Mo ní kó bọ́ ọ, kí n tú u, ìṣẹ́jú márùn-ún ni.
Ó fọwọ́ bo àpò náà. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Bàámi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí ibi tí àlùmọ́gàjí gé ṣe ń rí." Kò gbóhùn sókè. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀.
Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Táì sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, kò sí táì lọ́rùn rẹ̀, ó tẹrí ba fún mi: "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Pílásítà wà níka rẹ̀ méjì.
Ọmọ náà ò tíì sọ ọ̀rọ̀ àlùmọ́gàjí fún un.