Ẹ Fi Ti Ọwọ́ Mi Sílẹ̀ Nínú Ìgò Dúdú

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ọyẹ́ yìí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin àti Ìyá mi. Rájí àbúrò mi ni yóò ka ìwé yìí fún yín; kí ó má fo ìlà kankan o, pàápàá ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan òun.

Ara mi le. Ọyẹ́ Adja-Ouèrè níbí ń la ètè. Èmi nìkan ni mo wá láti Kétu ní kíláàsì wa, n kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí a bá ń ro oko ẹ̀gẹ́ ilé ìwé lọ́nà Massè, gbogbo wa là ń jẹ́ kàmáráàdì, ẹlẹgbẹ́ ara wa. Bí a bá délé, kálukú ní bàbá tirẹ̀.

Lásísì, ọmọ Bàbá onílé tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ni mo ń jowú. Bàbá rẹ̀ ra irú lọ́fínńdà paṣulí tiyín ní Àjàṣẹ́. Orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìgò rẹ̀ kò dúdú mọ́. Wọ́n ní àwọn Faransé ti tún un ṣe. Ó ń ta sánsán bíi bọ́ńbọ́n tí ọmọdé ń lá, kò ní òórùn ilẹ̀ tútù tí tiyín ní. Mo sọ fún Lásísì pé èyí kọ́ ni ògidì. Ó ní ṣé èmi tí n kò ní ìdérí ìgò lásán ni mo fẹ́ kọ́ òun ní lọ́fínńdà.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, bàbá rẹ̀ fi í pa á lẹ́yìn ọwọ́ kí a tó lọ kírun, bí ẹ ṣe máa ń fi pa wá. Kí n tó mọ̀, mo ti na ọwọ́ tèmi. Wọ́n rò pé mo fẹ́ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ ni, èmi ọmọ kékeré! Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ti di òyìnbó. Lásísì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n lọ́fínńdà ọwọ́ wọn ràn mọ́ tèmi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo adùn rẹ̀ ti lọ. Ohun tó kù nísàlẹ̀, Bàbá, ẹ̀yin ni. Mo ṣọ́ àlùwàlá mi kí n má baà fọwọ́. Ṣíbí ni mo fi jẹun.

Rájí kọ̀wé pé òun ló ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sí yín báyìí. Ipò mi nìyẹn. Irú ìgò dúdú yẹn kò sí lọ́jà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ó tán kí n tó dé.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí Ìyá mi àti gbogbo ará ilé. Ẹ kí Rájí náà, tí ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ níbi tó kà dé yìí.

Èmi ni ọmọ yín, àkọ́bí,
Ṣàkírù