Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Kì í Ṣubú

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà, 2024

Wọ́n gbà mí! Iṣẹ́ síkúríìtì, nínú ẹ̀sítéètì kan ní Òkóta. Èmi Àjíbíkẹ́, tí mo ń fi ọ̀kadà jíṣẹ́ káàkiri Ìsọlọ̀ kí mọ́tò tó gbá mi ní Ìlasa. Dókítà ti ní kí n má gun ọ̀kadà mọ́, pé ẹsẹ̀ òsì yìí ò ní lè gbé e dúró. Mi ò gbọ́. Mo dán an wò — níwájú iná pupa ni mo wó sí gbalaja, èmi àti ẹrù oníbàárà.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n rà síbẹ̀, tí a ó máa fi yí àdúgbò ká. Ìjókòó bíi ti ọ̀kadà, ọwọ́ bíi ti ọ̀kadà, táyà mẹ́rin. Sílíńdà tí wọ́n fi ń paná wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá dúró, ó dúró nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ gbé e ró.

"Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kì í ṣubú." Ọ̀gá síkúríìtì wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo sunkún nígbà tí mo délé. Ẹkún ayọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Àgbò ni mo sọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà. Olóríkunkun.

Ẹ̀gbọ́n Babáṣọlá ló ń kọ́ mi. Wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, àwọn náà sì ti gun ọ̀kadà rí. Kò sí pé à ń yí ọwọ́ kó tó sáré. Àtàǹpàkò la fi ń tẹ̀ ẹ́. Tèmi ti wú báyìí.

Mo fẹ́ dúró, mo na ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n pariwo: "Gbé e sókè! Ṣé o fẹ́ kí táyà ẹ̀yìn gùn ọ́ lẹ́sẹ̀ ni?" Díẹ̀ ló kù.

Ọjọ́bọ̀, 6

Tó o bá fẹ́ yà lórí ọ̀kadà, ìwọ àti òun lẹ jọ máa tẹ̀. Ara yín á di ọ̀kan. Àgbò kì í tẹ̀. Á dúró gbagidi, ìwọ lá máa jù síta. Àfi kó o fi ara síbi tó ò ń yà sí, kó o wá fi ẹsẹ̀ tó wà lápá kejì tẹ ibi ìtẹ̀sẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, táyà á gbéra nílẹ̀.

Mo yà sósì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ṣiṣẹ́. Ó dùn!

Mo yà sọ́tùn-ún. Ó di ẹsẹ̀ òsì. Ó gbọ̀n. Ó yọ̀. Táyà méjì kúrò nílẹ̀ — Ẹ̀gbọ́n ló sáré fà wá padà.

Wọ́n wo ẹsẹ̀ òsì mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ẹsẹ̀ yìí kan náà. Ibi tí mo sá dé, ibẹ̀ ló ti ń dúró dè mí.

Ọjọ́rú, 12

Bí mo bá rọra bí ìgbín, ó ń yà sọ́tùn-ún. Kíá ni kò ṣeé ṣe. Nítorí náà mo wá ọgbọ́n dá: apá òsì ni mo ń gbà yí ẹ̀sítéètì ká. Òsì, òsì, òsì, mo ti dé géètì. Ọ̀gá ní mo ti mọ̀ ọ́n gùn.

Ìyá Oyinkán máa ń juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé. Opó ni wọ́n, aránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ wọn kì í sinmi. Lónìí wọ́n ní, "Ọmọbìnrin lórí nǹkan báyìí! O wù mí o." Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún yà sósì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Òjò láti àárọ̀. Orúnkún ń ro mí. Ẹ̀gbọ́n ní kí n sọ fún Ọ̀gá, kí wọ́n gbé mi sí géètì. Mo ní wọ́n ti ní ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ẹ̀gbọ́n kàn mi orí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

Ọ̀sán ni. Mo wà lójú títì ńlá nínú ẹ̀sítéètì nígbà tí wọ́n pariwo iná. Èéfín ń jáde nílé Ìyá Oyinkán. Ọ̀nà ibẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, nítòsí báyìí. Mo ń sáré. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n rọra. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohùn Ìyá Oyinkán.

Mo yà sọ́tùn-ún, kíá.

Ẹsẹ̀ òsì yọ̀ kúrò lórí ìtẹ̀sẹ̀. Àgbò dojú dé, ó sì dùbúlẹ̀ lé mi lórí. Sílíńdà tí à bá fi paná wà lábẹ́ ẹ̀, kò ṣeé yọ. Àwọn tó ń gbé omi bọ̀ rí mi. Wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n wá ń gbé Àgbò kúrò lára mi. Mo ń pariwo: "Ẹ fi mí sílẹ̀! Ẹ lọ síbẹ̀!" Wọn ò gbọ́.

Ìyá Oyinkán fi ọwọ́ ara wọn fa aṣọ oníbàárà jáde nínú iná.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Egungun ìhà mi fọ́. Nǹkan kan ò ṣe ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Mo lọ kí Ìyá Oyinkán ní ọsibítù. Wọ́n ti wé ọwọ́ wọn méjèèjì dé ìgúnpá. Oyinkán ló ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi ní ìta pé kò dájú pé àwọn ìka náà á tún ṣiṣẹ́.

Wọ́n ní, "Àjíbíkẹ́, ṣé o ò farapa púpọ̀?"

Oyinkán gbé àga fún mi. Mi ò jókòó.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Ọ̀gá pè wá, ó bi wá bí Àgbò ṣe dojú dé. Kí n tó lanu, Ẹ̀gbọ́n Babáṣọlá ti dáhùn: "Òjò ni, sà. Ilẹ̀ ń yọ̀." Ọ̀gá gbà. Ó ní bí ìhà mi bá ti san, kí n padà sórí iṣẹ́.

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Mo ní, "Kì í ṣe òjò, sà. Ẹsẹ̀ mi ni. Mi ò gùn ún mọ́."

Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀. Ọ̀gá béèrè ohun tí mo wá fẹ́ máa ṣe. Mo ní mi ò mọ̀.

Mo fẹsẹ̀ rìn láti Òkóta dé ilé ní Àilegún. Ó jìnnà. Ó dùn mí ní gbogbo ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó gbé mi délé. Kò sí ibòmíràn tí mo tún lè ní kó gbé mi lọ.