Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kò Lè Dá

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹsàn-án 2011

Rapelang ọkọ mi ló fi ìwé yìí sílẹ̀ nígbà tó ń padà síbi iṣẹ́ ìwakùsà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré la jọ gbé lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ó ní kí n máa ya ewé inú rẹ̀ kọ lẹ́tà sí òun. Ojú ń tì mí. Ìwọ ìwé fúnra rẹ ni n óò máa bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti yí orúkọ mi padà. 'MaThato ni mí báyìí, ìyá Thato – Thato tí a kò tíì lóyún rẹ̀. Ó wù mí. N kì í gbójú sókè wo bàbá ọkọ mi, n kì í sì í dá orúkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú àdúrà. Ìyàwó tó bá dá a ti tú u síhòòhò lójú ayé. Ẹni-Fìlà ni mò ń pè é lọ́kàn mi, nítorí fìlà koríko tó máa ń dé. Orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Òun náà ni orúkọ ìdílé, òun náà ni orúkọ abúlé. Bí wọ́n bá bi mí níbi tí mò ń gbé, “lókè odò” ni mò ń wí.

Ọjọ́bọ̀, 8

Mo gbé pápà àgbàdo àti ẹ̀fọ́ lọ fún Limpho níléèwé. Àbúrò ọkọ mi ni, àbíkẹ́yìn ilé, ọmọ ọdún méjìlá. Ibà ló gba etí rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì. Ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ tó hùmọ̀ fúnra rẹ̀. N kò tíì pẹ́ níbí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tó mi nílé. Èmi tí wọ́n ní kí n dákẹ́, òun tí kò gbọ́ràn – o ò rí i pé a bára mu? Bó bá fẹ́ pè mí, á fi ìka méjì kan àyà rẹ̀, níbi tí píìnì tí mo fi ń de ìborùn mi máa ń wà.

Kíláàsì wọn wà lẹ́yìn ilé ìdáná iléèwé. Páànù lásán. Ọmọ mọ́kànlá: afọ́jú méjì, arọ kan, àwọn tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yé, àti Limpho. Tíṣà kan ṣoṣo, 'M'e Seipati, ìyẹn Màmá Seipati. Bá mi wo ohun tí mo bá: Limpho jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà gbogbo iléèwé.

Tíṣà ní, “Ọmọ dáadáa lèyí. Kì í yọ mí lẹ́nu. Wo bó ṣe gbálẹ̀ mi mọ́.”

Mo béèrè, ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde, pé lẹ́tà mélòó ló ti mọ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, etí wo ni n ó gbà kọ́ ọ? Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ èmi alára níṣẹ́ yìí. Bó o bá mọ̀ ọ́n, wá gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10

Mo gba iṣẹ́ tíṣà náà ṣe. Igi là ń fi kọ lẹ́tà sórí erùpẹ̀, lẹ́yìn ọgbà àgùntàn. Ta ló ní ọmọ yìí kò lọ́gbọ́n? Bí àgùntàn bá ń wọlé, òun ló ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀kan dín, kí darandaran tó mọ̀. Ó mọ ojú olúkúlùkù wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Ó kọ L lónìí. Ìrù rẹ̀ kọjú sódì. Mo pàtẹ́wọ́ fún un – kò gbọ́, àmọ́ ó rí i.

Ọjọ́ Ajé, 19

Ìròyìn ayọ̀. Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, yóò yẹ àwọn ọmọ wò. Adití tó bá yege ń lọ síléèwé àwọn adití lápá àríwá. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ìjọba ló ń bọ́ wọn, gbogbo wọn ló ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, àti tíṣà. Àmọ́ ẹni tó gbọ́ ọwọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa bá a túmọ̀.

Ìyá ọkọ mi ní òun ò gbọ́ ju “wá” àti “kúrò níbẹ̀” lọ. Ẹni-Fìlà ń wo iná. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí ìyàwó lọ.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó mẹ́nu kàn mí. Orí mi wú débi pé mo da omi sínú ìyẹ̀fun.

Ọjọ́rú, 28

Ntate Tumelo lorúkọ ọkùnrin náà. Ọ̀dọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “bàbá” ni Ntate túmọ̀ sí; ó wọ táì, ó ń kánjú. Ẹni-Fìlà bá wa lọ síléèwé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn mi, ọ̀pá láàárín ẹsẹ̀.

Limpho ṣe bẹbẹ. Ó to bọ́tìnnì ní àwọ̀-àwọ̀. Ó ka òkúta, kò ṣì í. Ó ya ènìyàn, ó fi ìka márùn-ún márùn-ún sí i lọ́wọ́ – Ntate Tumelo ní àwọn tó ń gbọ́ràn gan-an kì í rántí ìka. Mò ń túmọ̀, ohùn mi ń le díẹ̀díẹ̀. Mò ń wí lọ́kàn mi pé, ó ti lọ síléèwé náà, ó ti lọ.

Ó wá kan orúkọ, bóyá ọmọ mọ tirẹ̀. Limpho, mo wí. Orúkọ ìdílé ńkọ́? Limpho fa fìlà tí kò sí lórí rẹ̀ wá síwájú orí. Bàbá rẹ̀ nìyẹn, ilé wọn nìyẹn.

Ẹnu mi wúwo bí ọmọ ọlọ. Mo ní, “Ó ní ti olórí ilé ni.”

Ntate Tumelo kò gbójú kúrò nínú ìwé. “Ìyẹn kì í ṣe orúkọ, 'm'e. Kí ló sọ?”

Mo dákẹ́. Orúkọ bàbá rẹ̀ ńkọ́? Fìlà. Mo dákẹ́. Abúlé rẹ̀? Fìlà, lẹ́yìn náà òkè, lẹ́yìn náà odò. Mo ní, “Lókè odò.”

Limpho rò pé n kò rí òun ni. Ó sún mọ́ mi, ó tún un ṣe. Ó ń fa fìlà náà wálẹ̀ níwájú ojú mi gan-an, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ẹ̀yìn mi ń gbóná níbi tí Ẹni-Fìlà ti ń wò mí. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò dìde jáde.

Ntate Tumelo fa ìlà mẹ́ta sínú ìwé. Ó ní ó tó, 'm'e, ẹ ṣé.

Ọjọ́bọ̀, 29

Bírò wà lórí tábìlì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà níléèwé. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé mo lè kọ orúkọ náà. Àbí ó sọ?

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹwàá

Ìyá ọkọ mi ń fi mí yangàn létí ìsun omi. Ó ní wọ́n bi ìyàwó òun lẹ́ẹ̀mẹta, tìwé ìjọba tìwé ìjọba, kò la ẹnu. Aládùúgbò wa kan ní, “Ìyàwó tèmi ì bá ti kọ ọ́ lórin.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan súre fún mi pé Thato á tètè dé.

Limpho kò pè mí mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ sọ, àwọn àgùntàn ló ń sọ ọ́ fún.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kọkànlá

Lẹ́tà dé. Èmi nìkan ló mọ̀wé nílé, nítorí náà èmi ni mo kà á sókè. Ibi mẹ́ta ni mo ti fo orúkọ náà, tí wọ́n rí nínú ìwé iléèwé.

Ó ní ọmọ yìí kò mọ orúkọ ìdílé rẹ̀, kò mọ ti bàbá rẹ̀, kò mọ ibi tó ń gbé. Làákàyè rẹ̀ kò tíì tó ti iléèwé àwọn adití. Kó máa bá a lọ níbi tó wà.

Ìyá ọkọ mi ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe, ta ni ì bá máa gbálẹ̀ fún òun. Ẹni-Fìlà dìde, ó lọ bá àwọn àgùntàn rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 7

Mo parọ́ pé klíníkì ni mò ń lọ. Inú ìyá ọkọ mi dùn, ó rò pé Thato ni. Bọ́ọ̀sì dé ìlú kí oòrùn tó le.

Ntate Tumelo kò rántí mi. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo di ìborùn mi mú, mo sì sọ ọ́. Nkhahle ni orúkọ ìdílé. Nkhahle ni bàbá rẹ̀. Ha Nkhahle ni abúlé. Mo kọ ọ́ síbí pẹ̀lú, kí o jẹ́rìí mi.

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá ọkọ yín ni, ẹ ò sì wí? Ìyá tèmi náà ò dá orúkọ bàbá bàbá mi títí wọ́n fi sin bàbá náà. Ká ní ẹ tilẹ̀ ṣẹ́jú sí mi.”

Àyè méjìlá ló wà níléèwé àwọn adití. Ó ti kún. Lọ́dún tó ń bọ̀ Limpho á ti pé mẹ́tàlá, wọn kì í sì í gba ẹni tuntun tó bá ti ju méjìlá lọ. Síbẹ̀ ó fi bírò pupa ṣàtúnṣe ìwé náà. Ó ní kí àkọsílẹ̀ lè péye. Àkọsílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Mo lọ bá Ẹni-Fìlà nídìí ọgbà àgùntàn. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ti dá orúkọ rẹ̀, ibi tí mo ti dá a, iye ìgbà. Mò ń retí ọ̀pá.

Kò gbé ọ̀pá sókè. Ó ní òun jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ń wo ọwọ́ ọmọ òun tó ń pe òun, òun ń wo ẹ̀yìn mi. Òun rò pé n óò sọ ọ́, kí òun ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Òun tilẹ̀ wúkọ́ kí n lè mọ̀. Mo ní ìkìlọ̀ ni mo pè é.

Ó wá ní, “Bí mo bá jáde síta ńkọ́? Ṣé ò bá ti sọ ọ́?” Ohùn rẹ̀ kò dà bí ti bàbá ẹnikẹ́ni.

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ntate.”

Ó jókòó sórí òkúta. Kò jẹun láti ìgbà yẹn, ìyá ọkọ mi ò mọ ohun tó ṣe é.

Irọ́ ni mo pa fún un. Ká ní ó rìn kọjá odò, kó dé òkè kejì, n kò ní sọ ọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n máa yìn mí.